Bíréèkì Abẹ̀bẹ̀ Hẹlikọ́pítà: Iṣẹ́ àti Ìlò Rẹ̀

Bí hẹlikọ́pítà bá balẹ̀ sí pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó, kì í pẹ́ tí tọmọdé-tàgbà fi ń wọ́ lọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó gbà pé ewu ti tán nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí.

Bí ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ kò bá wa ẹsẹ̀ mọ́, táyà ẹ̀yìn yóò ṣì máa yí. Bákan náà ni abẹ̀bẹ̀ òkè ṣe ń yí lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti dákẹ́. Nígbà tí ó ń yí kíkan, agbára yíyí náà ni ó ń fà á le gbọnyin. Bí eré rẹ̀ bá ti ń dínkù, ó di ohun tí afẹ́fẹ́ lè gbé sókè kí ó sì jù sísàlẹ̀. Ìjì tí ń ṣáájú òjò lè mú un já wálẹ̀ gba ìrù ọkọ̀ náà, tàbí orí ènìyàn.

Láti gé àkókò ewu yìí kúrú ni a ṣe ń lo bíréèkì. Àwo irin kan ń bá ọ̀pá tí ń yí abẹ̀bẹ̀ yí pọ̀. Bí awakọ̀ bá fa ọwọ́ bíréèkì, páàdì yóò fún àwo náà mọ́ra gẹ́gẹ́ bí ti ọkọ̀ ilẹ̀. Epo bíréèkì ni ó ń ti páàdì nínú àwọn ńlá. Wáyà ni ti àwọn kéékèèké kan.

A kì í fà á ní òfuurufú. A kì í sì í kánjú fà á nílẹ̀, nítorí ooru ìfirinra lè dá iná sílẹ̀. Nínú Robinson R44, awakọ̀ ní láti dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 lẹ́yìn pípa ẹ́ńjìnnì. Bí bíréèkì náà bá sì wà ní fífà, ẹ́ńjìnnì kò ní gbà kí a ta á. Lórí pèpéle epo rọ̀bì inú òkun, níbi tí àyè ti há tí afẹ́fẹ́ sì le, ìwúlò rẹ̀ pọ̀ jọjọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo hẹlikọ́pítà ni ó ní in. Nítorí náà, kí olùkọ́ dá akẹ́kọ̀ọ́ dúró títí abẹ̀bẹ̀ yóò fi dúró pátápátá, tí awakọ̀ yóò sì juwọ́ sí wọn. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe gba ẹ̀yìn, níbi tí abẹ̀bẹ̀ ìrù wà. Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, bí kò ṣe ẹni tí ó fi orí tì í dé òpin.