Bí Ẹ Bá Tún Server Linux Ṣe Tán, Ṣé Dandan Ni Kí Ẹ Pa Á, Kí Ẹ Tún Tan Án?

Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó server, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tí kì í sinmi tọ̀sán-tòru, tí ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì àti àkọsílẹ̀ owó àwọn ilé-iṣẹ́ wà nínú wọn, àti ẹ̀yin tí ẹ ń sanwó fún ẹni tí ń bá yín bójú tó o, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí a bá ti gba àtúnṣe tuntun sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí ó sì dáhùn pé iṣẹ́ ti parí, ọkàn ẹni a máa balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ihò tí a rò pé a ti dí lè ṣì wà ní ṣíṣí gbayawu fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ìdí rẹ̀ ni pé Linux kì í ní kí ètò kan dáwọ́ dúró kí a tó fi fáìlì tuntun rọ́pò èyí tí ó ń lò lọ́wọ́. Tuntun yóò jókòó sórí díìsìkì, ṣùgbọ́n ètò tí ó ti ń ṣiṣẹ́ kò ní ju ti àtijọ́ tí ó dì mú sílẹ̀. Ẹ fi wé ìlú tí ọba ti yí òfin padà. Akéde ti lu agogo yí ìlú ká, gbogbo ẹni tí ó wà nílé ti gbọ́. Ẹni tí ó ti wà lóko láti ìjẹta ńkọ́? Òfin àtijọ́ ni yóò máa tẹ̀ lé títí yóò fi wálé. Ètò tí ó ti ń ṣiṣẹ́ kí àtúnṣe tó dé, ará oko ni.

Ní ọjọ́ keje, oṣù kẹrin, ọdún 2014, ìròyìn Heartbleed jáde. OpenSSL, tí ń bá wa bo ọ̀rọ̀ àṣírí lójú nígbà tí ó bá ń rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni àléébù náà wà nínú rẹ̀. Àjèjì lè jókòó sí ọ̀nà jíjìn, kí ó máa bu ohun tí ó wà nínú iyè server, tó kilobyte 64 lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn ènìyàn sì lè wà lára rẹ̀. Àwọn Debian gbé àtúnṣe jáde lọ́jọ́ náà gan-an. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n tún gbé òmíràn jáde. Kì í ṣe pé ti àkọ́kọ́ kò dára. Wọ́n fẹ́ kí àtúnṣe náà fúnra rẹ̀ wá àwọn iṣẹ́ tí ó ṣeé ṣe kí ó ṣì di OpenSSL àtijọ́ mú, kí ó sì dábàá pé kí a tún wọn bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé kò sídìí tí a fi ní láti pa gbogbo ẹ̀rọ nítorí ìyẹn. Àwọn iṣẹ́ tí ń lo OpenSSL nìkan ni a ní láti tún bẹ̀rẹ̀. Ti kernel ló yàtọ̀. Kernel ni ìpìlẹ̀ tí gbogbo ètò yòókù dúró lé, a kò sì lè ní kí ìpìlẹ̀ nìkan dìde kí ilé dúró. Nígbà tí àléébù Dirty COW lu síta ní oṣù kẹwàá, ọdún 2016, èyí tí ó lè sọ ẹni tí kò ní àṣẹ kankan di ọ̀gá pátápátá lórí ẹ̀rọ, àtúnṣe rẹ̀ kàn wà lórí díìsìkì lásán ni títí ẹ̀rọ yóò fi kú tí yóò sì jí. Glibc wà láàrin méjèèjì: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ètò tí kì í lò ó, nítorí náà ó rọrùn láti pa ẹ̀rọ, kí a tún tan án, ju kí a máa wá wọn kiri lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yóò sọ fún yín. Lórí Ubuntu, bí fáìlì /var/run/reboot-required bá ti yọjú, àtúnṣe kan ń retí pé kí ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tún tan án; reboot-required.pkgs tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò dárúkọ ohun tí ó fà á. Àwọn tí ń lo Red Hat ní needs-restarting -r. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí yóò sọ bóyá lálẹ́ òní ni tàbí lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀yin ni ẹ ó bi ara yín pé, ta ni ọwọ́ rẹ̀ lè tó ihò yìí? Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó ti wọlé sórí ẹ̀rọ nìkan ni ó lè lò ó, tí kò sì sí ẹlòmíràn tí ń wọlé síbẹ̀ yàtọ̀ sí yín, ó lè dúró de Sátidé. Bí ọgọ́rùn-ún oníbàárà bá jọ ń lo ẹ̀rọ náà, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá a. Òótọ́ ni pé láti ìgbà tí kernel 4.0 ti jáde ní ọdún 2015, ọ̀nà wà láti lẹ àtúnṣe mọ́ kernel láìpa ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àtúnṣe ni ó ṣeé lẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n máa ń yangàn pé ẹ̀rọ àwọn kò kú rí fún ọdún mẹ́ta. Ní tèmi, ẹ̀rù irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ a máa bà mí. Ta ni ó mọ̀ bóyá yóò jí? Ó lè ní iṣẹ́ kan tí ẹnì kan fọwọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ó máa dìde fúnra rẹ̀, tí ẹni náà sì ti fi ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí iná bá lọ lọ́sàn-án gangan ni àṣírí yóò tú. Ó sàn kí ẹ fúnra yín yan ọjọ́, kí ẹ da gbogbo àkọsílẹ̀ kọ síbòmíràn, kí ẹ sì ti mọ ọ̀nà tí ẹ ó gbà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ náà bí kò bá dáhùn. Bí ó bá tán, ẹ tẹ uname -r, kí ẹ rí i pé kernel tuntun ni ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ má sì tíì pa ti àtijọ́ rẹ́, nítorí bí tuntun bá kọ̀ láti dìde, òun ni ẹ ó padà sí.