Ṣé bátìrì lè tan iná ọ̀pá tààrà? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó so wáyà

Láti àwọn ọfíìsì Aláúsá títí dé àwọn ilé iṣẹ́ ní Ikẹjà àti Agége, iná ọ̀pá ṣì pọ̀ lókè àjà. Tí NEPA bá ti mú iná lọ, ìbéèrè tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù máa ń bi oníṣẹ́ iná ni pé: ṣé a ò lè so bátìrì mọ́ ọn tààrà ni?

Irú ballast tó wà nínú rẹ̀ ló máa sọ.

Ballast, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní choke, ló ń ran ọ̀pá lọ́wọ́ láti tàn, òun náà ló ń kó iná níjàánu. Ti àtijọ́, tó wúwo tó sì ń kùn, wáyà tí wọ́n wé mọ́ irin ni. Iná AC tó ń lọ tó ń bọ̀ nìkan ló lè kó níjàánu. Tí ẹ bá fún un ní iná DC tó lágbára, á gbóná, ó sì lè jóná.

Electronic ballast yàtọ̀. Iná 230 volt tó bá wọ inú rẹ̀, á kọ́kọ́ sọ ọ́ di DC tó tó nǹkan bíi 320 volt, lẹ́yìn náà ni á máa yí i padà ní ìgbà tó lé ní 20,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í kùn. Torí pé DC ló ń lò nínú, àwọn kan wà tí wọ́n kọ ọ́ sára wọn pé wọ́n lè gba DC.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bátìrì 12 volt kan ṣoṣo ò lè tan án. Kí ẹ tó rí nǹkan bíi 310 volt, ẹ máa to bátìrì 26 tẹ̀lé ara wọn. Iná yẹn lè pa èèyàn lójú ẹsẹ̀. Súìṣì ilé lásán ò sì lè pa á dáadáa, torí iná DC máa ń ta láàárín irin méjèèjì, ó sì lè dá ìjàm̀bá iná sílẹ̀. Ẹ má dán an wò.

Inverter ló dáa jù, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní pure sine wave, tí iná rẹ̀ jọ ti NEPA. Èyí tí iná rẹ̀ ò dán mọ́rán lè tètè ba ballast jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bátìrì 12 volt, 100Ah, gba 1,200 watt-wákàtí. Tó bá jẹ́ bátìrì olómi, ìdajì ni kí ẹ lò kó lè pẹ́, ìyẹn 600. Iná ọ̀pá mẹ́rin oní-watt 36 jẹ́ 144. Tí ẹ bá fi èyí tí inverter ń jẹ kún un, ó di bíi 170. Wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ péré nìyẹn. Tó bá jẹ́ ọ̀pá LED mẹ́rin oní-watt 18, ó tó bíi wákàtí méje.

Owó iná tí ẹ fi ń gba bátìrì sí náà wà ńbẹ̀: ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó iná Band A lọ sí náírà 225 fún yúnìtì kan.

Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ sí LED, ẹ pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá LED ni wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ballast kúrò kí wọ́n tó fi síbẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.