Ọmọ Zaria tí ó ṣọ́ ẹ̀yìn lórí yìnyín

Ní Jonquet, ní ìlú Kútọnu, yìnyín kì í pẹ́ láyé. Àwọn tí ń ta ohun mímu a máa fọ́ ọ wẹ́wẹ́ sínú àpótí ní òwúrọ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti di omi. Bí ẹnì kan bá wí fún àwọn tí ń dúró de ọkọ̀ níbẹ̀ pé iṣẹ́ kan wà tí a fi ń sáré lórí yìnyín, tí a sì ń gba owó oṣù lé e lórí, ẹ̀rín ni wọn yóò fi dá a lóhùn. Síbẹ̀, ọkùnrin kan tí wọ́n bí sí Zaria, ní àríwá Nàìjíríà, ti fi iṣẹ́ náà jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orúkọ rẹ̀ ni Rumun Ndur.

Ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 1975 ni wọ́n bí i. Ìlú Hamilton, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ni ó ti dàgbà. Òtútù ilẹ̀ náà a máa mú tó bẹ́ẹ̀ tí omi adágún ń dì gbagidi. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ a máa gbá họ́kì lórí yìnyín gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ Kútọnu ti ń gbá bọ́ọ̀lù nínú iyanrìn.

Nínú eré họ́kì, ènìyàn mẹ́fà ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó sórí yìnyín lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan ń ṣọ́ ilé, ẹni méjì ń ṣọ́ ẹ̀yìn, ẹni mẹ́ta sì ń wá bí góòlù yóò ṣe wọlé. Irin tín-ín-rín tí ó mú bí ọ̀bẹ wà lábẹ́ bàtà wọn. Ohun tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá kì í ṣe bọ́ọ̀lù roboto. Róbà líle pẹlẹbẹ ni, ó sì wúwo tó nǹkan bí 170 gíráàmù. Bí alágbára bá gbá a, ó lè sáré ju 150 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Kò sí awakọ̀ Àjàṣẹ́ kan tí ó yẹ kí ó sáré tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń ṣọ́ ẹ̀yìn ni yóò gbé ara rẹ̀ dí ọ̀nà róbà náà. Òun náà ni yóò fi èjìká ti ẹni tí ó gbé róbà bọ̀ mọ́ pákó tí ó yí pápá ká, òfin eré sì fi àyè gbà á. Bí ó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáradára, nǹkan kan kò ní ṣẹlẹ̀: góòlù kò ní wọlé, òǹwòran kò sì ní pariwo orúkọ rẹ̀.

Ìdíje tí ó ga jù lọ láyé nínú eré yìí ni èyí tí wọ́n ń pè ní NHL, ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Lọ́dọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ inú rẹ̀ máa ń yan àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1994, ẹgbẹ́ Buffalo Sabres yan Ndur. Òun ni ẹni 69 tí wọ́n pè lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n kí a yan ènìyàn kò túmọ̀ sí pé ó ti wọlé. Ó kọ́kọ́ gbá eré nínú àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké, pàápàá ní Rochester, níbi tí Buffalo ti ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀.

Láàrin 1996 sí 1997 ni ó tó gbá eré méjì fún Buffalo. Báyìí ni ó di ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí sí Nàìjíríà tí ó gbá eré nínú NHL. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, eré kan ṣoṣo ni wọ́n fún un. Lẹ́yìn náà, ó gbá mẹ́jọ sí i fún Buffalo, kí ó tó kọjá sí New York Rangers, níbi tí ó ti gbá 31. Láti 1999 sí 2000, ó wà ní Atlanta Thrashers, ẹgbẹ́ tuntun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, ó sì gbá 27. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 69, bẹ́ẹ̀ sì ni eré 82 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá lọ́dún kan péré nígbà náà.

Góòlù méjì ni ó gbá wọlé nínú eré 69 wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 137 ni ó lò lórí ìjókòó ìjìyà. Ẹni tí ó bá rú òfin kékeré yóò jókòó níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹni tí ó bá bá ẹlòmíràn ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ yóò jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, yóò sì padà sórí yìnyín. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, káàdì pupa ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò fi sùn. Nítorí náà, ní ayé ìgbà yẹn, àwọn ẹgbẹ́ a máa gba àwọn ọkùnrin alágbára kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kan àwọn tí ń gbá góòlù wọlé. Irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n fún Ndur. Iṣẹ́ líle ni, kì í sì í pẹ́: ẹni tí a gbà nítorí ìkúùkù rẹ̀, bí a bá rí ìkúùkù mìíràn tí ó le jù ú lọ, a ó ní kí ó máa lọ.

Àwọn aláwọ̀ dúdú kò pọ̀ nínú eré yìí. Willie O'Ree ni ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn tí ó gbá NHL, ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 1958. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti fọ́, ó sì fi í pa mọ́ kí wọ́n má baà lé e. Ní ìgbà ayé Ndur, Yorùbá kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Jarome Iginla ni, ẹni tí bàbá rẹ̀ ti Nàìjíríà lọ sí Kánádà; ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé Igi-ńlá ni orúkọ náà. Iwájú ni Iginla ń gbá. Ó gbá góòlù 625 wọlé nínú NHL, ó sì gba wúrà Òlíḿpíìkì ní 2002 àti 2010. Ní 2019, ẹgbẹ́ Calgary fi nọ́ńbà rẹ̀, 12, kọ́ sókè pápá wọn, kí ẹlòmíràn má lè wọ̀ ọ́ mọ́.

Wọn kò fi nọ́ńbà Ndur kọ́ síbì kankan. Lẹ́yìn Atlanta, kò tún padà sínú NHL mọ́. Ó gbá eré nínú àwọn ìdíje kéékèèké ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn náà ó ré òkun kọjá lọ sí Yúróòpù, ó sì pẹ́ lórí yìnyín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó bọ́ bàtà onírin náà sílẹ̀.