Orin dùn nínú yàrá, ó dé ìta ó di ariwo: Ilé ló lẹ̀bi, kì í ṣe sípíkà

Orin makossa ni ayé fi ń mọ ìlú Douala, lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Manu Dibango lọ́dún 1933. Ibẹ̀ náà ni wọ́n bí Francis Bebey sí lọ́dún 1929, ọkùnrin tó fi iṣẹ́ àjọ UNESCO sílẹ̀ lọ́dún 1974 nítorí orin, tó sì ń gba púpọ̀ nínú orin rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀ ní Paris. Ta ni yóò wá sọ fún ọ̀dọ́ Douala pé yàrá òun kò lè di sítúdíò?

Àmọ́, yàrá máa ń purọ́, gìtá béèsì tó jẹ́ òpó makossa gan-an ló sì máa ń parọ́ mọ́ jù.

Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Béèsì tó bá gbọ̀n nígbà 50 láàárín àkókò yẹn, ìgbì rẹ̀ kan gùn tó mítà 6.8. Yàrá tó gùn ní mítà 3.4 kò lè gbà ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ohùn á lọ forí sọ ògiri, á padà wá pàdé èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Lẹ́bàá ògiri, àwọn méjèèjì á dún bí àrá. Láàárín yàrá gẹ́lẹ́, wọn á pa ara wọn. Ẹni tó jókòó sáàárín á ní béèsì kò tó, á fi kún un, á tún fi kún un. Ọjọ́ tí orin náà bá dé inú takisí tàbí ilé ọtí ní Deïdo, ta ló máa gbọ́ ohun tí olórin ń sọ? Owó ti lọ, àánú sì ṣeni.

Tábìlì náà kò gbẹ́yìn. Sípíkà tó jókòó lórí pákó á gbọ̀n pákó náà jìgìjìgì, tábìlì á wá di sípíkà kejì tí ẹnikẹ́ni kò rà. Búlọ́ọ̀kù ni kí wọ́n tò jọ dé ọgbọọgba etí, kí wọ́n fi rọ́bà tó nípọn sáàárín òun àti sípíkà. Kí olùgbọ́ sì sún mọ́ ògiri iwájú díẹ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ.

Páálí ẹyin tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ńkọ́? Ẹ̀tàn ni! Ohùn tínínrín nìkan ló ń kàn díẹ̀. Béèsì kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ohun tó nípọn, tó rọ̀, tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ló ń mú béèsì. Aṣọ òkìrìkà tí wọ́n kó sínú àpò, tí wọ́n tò sí igun yàrá láti ilẹ̀ dé àjà, á ṣe é dé àyè kan. Ṣùgbọ́n òjò Douala ju mítà mẹ́ta lọ lọ́dún, ọ̀rinrin ibẹ̀ kì í sì í ṣeré. Kí wọ́n má tẹ aṣọ mọ́ ògiri, kó má baà hu. Àlàfo ìbú ọwọ́ kan á jẹ́ kó gbẹ, á sì tún jẹ́ kó mú ohùn ìsàlẹ̀ sí i.

Ní ti òjò tó ń lu páànù, kò sí aṣọ tó lè dí i. Ọlọ́gbọ́n á pa makirofóònù, á fi wáyà so gìtá béèsì mọ́ ẹ̀rọ tààrà, á sì máa gba tirẹ̀ sílẹ̀ títí òjò yóò fi dá.