Owó Wà Lọ́wọ́, Ìbọn Wà Ní Ṣọ́ọ̀bù, Ìwé Àṣẹ Kò Ì Tí Ì Dé

Ní ọjà Dùgbẹ̀ tàbí ní Ìdúmọ̀tà, ẹni tí ó bá ná ọjà tí ó sì san owó rẹ̀ ni ó ni ín. Bí oníṣòwò bá ti gba owó tán, dandan ni kí ó kó ẹrù fún olówó. Bí ó bá kọ̀, àwọn àgbà ọjà yóò dá sí i. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa kan tí ó ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù kọ̀wé sí wa pé òun ti rí ohun kan tí òun ti ń wá láti ọdún mẹ́jọ, pé owó rẹ̀ pé lọ́wọ́ òun, pé ẹni tí ó ni ín fẹ́ tà á fún òun, síbẹ̀ pé òun kò lè rà á, ẹnu yà wá. A ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó yé wa. Ìbọn ni ẹ̀gbọ́n wa fẹ́ rà.

Kí ẹ̀yin òǹkàwé wa má ṣe rò pé oníjàgídíjàgan ni. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, a kò sì gbọ́ rí pé ó bá ẹnikẹ́ni jà. Bàbá rẹ̀ àgbà wà lára àwọn ọmọ wa tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí ilẹ̀ Bọ́mà nígbà ogun Hitler, nínú ọ̀wọ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí a ń pè ní 81st Division, èyí tí ó jà ní àfonífojì odò Kaladan ní 1944. Igbó àti òkè ni ibẹ̀. Níbi tí ọkọ̀ kò lè dé, orí ni àwọn ọmọ wa fi ru ẹrù ogun. Ìbọn Lee-Enfield ni wọ́n fi lé bàbá náà lọ́wọ́, irú èyí tí ìwọ̀n ọta rẹ̀ jẹ́ .303. Nígbà tí ogun parí tí ó padà sí Abẹ́òkúta, ìjọba ti gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtàn nìkan ni ó mú bọ̀ wálé, ìtàn náà ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì gbọ́ dàgbà.

Ìbọn Lee-Enfield lásán kò wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé àìmọye ni wọ́n ṣe nígbà ogun, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Kánádà àti ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ̀gbọ́n wa rí jẹ́ èyí tí a ń pè ní No. 4 (T). Nígbà ogun náà, bí wọ́n bá ń dán ìbọn wò ní ilé iṣẹ́, wọn a máa yọ àwọn tí ọta wọn kì í yẹ̀ sọ́tọ̀. Láti 1942, ilé iṣẹ́ Holland & Holland ni wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ, níbi tí a ti ń so awò mọ́ wọn lórí, awò tí ó ń mú ohun tí ó jìnnà sún mọ́ ojú. Ó lé ní 23,000 tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Awò kọ̀ọ̀kan ni a mú bá ìbọn kan pàtó, a sì tẹ nọ́ńbà awò náà sára igi ìdí ìbọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbé awò ti ọ̀kan sórí èkejì. Láti ìgbà náà wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti pínyà: awò wà ní Kánádà, ìbọn wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Èyí tí àwọn méjèèjì bá ṣì jọ wà, bí tọkọtaya tí wọ́n jọ darúgbó, ni gbogbo ẹni tí ń kó ìbọn ogun jọ ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Owó tí oníṣòwò pè kò jìnnà sí 5,000 pọ́n-ùn. Ẹni tí ó bá sì jẹ́ kí ọ̀kan kọjá lè má rí òmíràn títí ọdún mélòó kan.

Kí ni ó wá dí i lọ́wọ́? Ní ayé àtijọ́, láti 1870, ṣílè mẹ́wàá ni ènìyàn ń san lọ́dún ní ilé ìfìwéránṣẹ́ kí ó tó gbé ìbọn jáde, ọ̀rọ̀ bùṣe. Lẹ́yìn ogun ńlá àkọ́kọ́, ní 1920, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ náà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ láti wádìí ẹni tí ó yẹ. Òfin 1968 ni ó ń darí rẹ̀ nísinsìnyí. Òfin yìí kò dúró lórí níní ìbọn nìkan. Ó ní ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ rà á pàápàá, kò sì gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ẹ̀bùn, ì báà ṣe yíyá. Oníṣòwò náà kò gbọdọ̀ tà á fún un àfi bí ó bá rí ìwé náà. Ìwé àṣẹ ọ̀hún kì í sì í ṣe ti ìbọn gbogbo: a ó kọ irú ìbọn kọ̀ọ̀kan àti ìwọ̀n ọta rẹ̀ sínú rẹ̀, àti iye ọta tí ènìyàn lè ní lẹ́ẹ̀kan.

Kí ọlọ́pàá tó fún ènìyàn ní ìwé yìí, yóò sọ ìdí tí ó fi ń fẹ́ ìbọn. Ti ẹ̀gbọ́n wa ni pé òun wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tí ń yin ìbọn sí àmì, ẹgbẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí, níbi tí ẹni tuntun ti ń wà lábẹ́ ìdánwò fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Yóò mú ẹni méjì tí wọ́n mọ̀ ọ́n wá láti jẹ́rìí ìwà rẹ̀. Dókítà rẹ̀ yóò kọ̀wé nípa ara àti ọkàn rẹ̀. Yóò ra àpótí irin, yóò kàn án mọ́ ògiri, ọlọ́pàá yóò sì wá sí ilé láti wò ó. Láti oṣù Kejì 2025, owó ìwé àṣẹ àkọ́gbà ti kúrò ní 88 pọ́n-ùn, ó ti di 198. Ní àwọn àgbègbè kan, oṣù mélòó kan ni ènìyàn ń dúró. Ní òmíràn, àwọn kan ti dúró ju ọdún kan lọ.

Àwa pẹ̀lú kọ́kọ́ rò pé ìdádúró yìí pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n a rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Keyham, ní ìlú Plymouth, ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ 2021. Ọkùnrin kan yìnbọn pa ènìyàn márùn-ún, ìyá rẹ̀ wà lára wọn àti ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́ta, kí ó tó pa ara rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ti gba ìbọn àti ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí pé ó lu àwọn ọmọdé kan. Wọ́n dá a padà fún un ní oṣù tí ó ṣáájú. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún náà ni ìjọba pàṣẹ pé láìsí ọ̀rọ̀ dókítà, kò sí ìwé àṣẹ. Ẹ̀gbọ́n wa kò bínú sí èyí. Ohun tí ó ń dà á láàmú ni pé ìbọn kan náà kò ní dúró dè é.

Oníṣòwò náà, tí a kò gbọ́ ohun búburú nípa rẹ̀, wá bá a dá ìmọ̀ràn. Ó ní, “Ẹ san gbogbo owó, n óò kọ rìsíìtì pé mo ti tà á fún yín, n óò sì máa bá yín tọ́jú rẹ̀ títí ìwé yóò fi dé.” Ẹ̀gbọ́n wa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ó ní kí àwa, àbúrò rẹ̀ tí ó ti ń jókòó ti ìwé ní ọ́fíìsì láti ogún ọdún, kàn bá òun wò ó.

A wò ó, ojú wa kò sì kúrò lára ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: “tà”. Bí rìsíìtì bá sọ pé a ti tà á, a jẹ́ pé ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ ti rà á nìyẹn, ó sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀rí tí yóò dójú tì í níwájú ọlọ́pàá kan náà tí ó ń bẹ̀. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó san owó díẹ̀ sílẹ̀ kí a má ṣe tà á fún ẹlòmíràn, kí títà gan-an dúró di ọjọ́ tí ó bá mú ìwé àṣẹ wá. A ní kí ó jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà ìbọn àti nọ́ńbà awò méjèèjì sílẹ̀, nítorí awò a máa rìn. Kí wọ́n kọ iye oṣù tí oníṣòwò yóò fi dúró, àti bóyá yóò gba owó ìtọ́jú. Kí wọ́n kọ ọ́ gbangba pé bí ọlọ́pàá bá kọ̀, owó náà yóò padà. Bí ó bá sì jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó yí ọkàn padà, kí a mọ èyí tí yóò sọnù. Gbogbo owó ńkọ́? A ní kí ó fi í sí báńkì. Bí ṣọ́ọ̀bù bá wó lu gbèsè lọ́la, ìbọn náà kì í ṣe tirẹ̀ síbẹ̀, òun àti àwọn onígbèsè yòókù ni yóò jọ tò.

Bí a ti ń bi í ní ìbéèrè ni a rí ohun tí ó burú ju rìsíìtì lọ. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yin ìbọn nínú ilé, ìbọn kékeré .22 nìkan ni ilé náà sì gbà. Nítorí náà .22 ni ó kọ sínú ìwé tí ó fi bẹ ọlọ́pàá! Bí ìwé àṣẹ bá dé lọ́la, kò ní lè fi gbé .303 kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní láti wọ ẹgbẹ́ mìíràn tí ń lọ sí pápá ńlá tí ó wà ní Bisley, ní Surrey, kí ó sì kọ̀wé sí ọlọ́pàá pé kí wọ́n fi .303 kún ohun tí òun ń bẹ̀bẹ̀ fún. Oṣù mẹ́ta mìíràn nìyẹn.

Ó béèrè ohun kan sí i, èyí tí ó ṣòro fún wa láti dáhùn. Ó ní bí ọjọ́ bá jọ́, ṣé òun lè gbé ìbọn náà wá sí Abẹ́òkúta, kí òun gbé e kọ́ sí ilé bàbá àgbà? Òfin ìbọn ilẹ̀ wa ti 1959 dárúkọ .303 láàárín ìbọn ogun tí a kà léèwọ̀. Ààrẹ nìkan ni ó lè fi àṣẹ sí i. Ìbọn àgbélérọ onírúurú tí àwọn ọdẹ ń lò wà ní ìsọ̀rí mìíràn, a kò sì lè fi ti ọdẹ jọ tirẹ̀. A kọ ọ́ sí i bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó fèsì.

Nígbà tí ó fèsì, ó fi ẹ̀dà rìsíìtì ránṣẹ́: 500 pọ́n-ùn, nọ́ńbà méjèèjì, oṣù méjìlá, kò sí ọ̀rọ̀ “tà” níbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé ó ń lọ yin ìbọn ẹgbẹ́, nítorí òfin 1988 gba ọmọ ẹgbẹ́ láàyè bẹ́ẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ. Àpótí irin ti wà lára ògiri. Ìyàwó rẹ̀ ń kó iyùn rẹ̀ sínú rẹ̀, ó ní òun yóò kó o kúrò lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá bá wá wo ilé. Ọlọ́pàá kò ì tí ì wá.