Àdéhùn Ni Ìwé Ọjọ́ Kìn-ín-ní

Ní ọjọ́ tí kíláàsì tuntun bá bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì, ìwé pélébé kan ni olùkọ́ sábà máa ń kọ́kọ́ pín kiri. Nínú rẹ̀ ni ó kọ orúkọ kọ́ọ̀sì sí, àwọn ìwé tí a óò kà, ọjọ́ tí iṣẹ́ àṣetiléwá gbọ́dọ̀ wọlé, àti bí a óò ti pín máàkì. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a gbà á, wọn a ká a, wọn a sì gbàgbé rẹ̀. Ìgbà tí ìdánwò bá kan ilẹ̀kùn ni wọ́n ń sáré wá a kiri.

Èrò tiwa ni pé ìwé yìí kì í ṣe ìkìlọ̀ lásán. Àdéhùn ni, ó de akẹ́kọ̀ọ́, ó sì de olùkọ́.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ wíwá sí kíláàsì wò. Òfin tí ó wọ́pọ̀ ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ wa ni pé ẹni tí kò bá wá sí ìdá 75 nínú 100 ìkọ́ni kò lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó ṣe ìdánwò. Kọ́ọ̀sì oníyúníìtì 2 a máa gba wákàtí 2 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 15, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ wákàtí 30. Ẹni tí ó bá pa wákàtí 8 jẹ ti ré kọjá ààlà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré nìyẹn! Ọmọ tí ó ní òun yóò dúró nílé títí àwọn ẹgbẹ́ òun yóò fi wọlé tán lè ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti máàkì. Níbi púpọ̀, 30 ni ti iṣẹ́ àárín sáà, 70 sì ni ti ìdánwò. Bí 40 bá jẹ́ máàkì àyege, ẹni tí ó ti rí 18 gbà ṣáájú kò nílò ju 22 lọ nínú ìdánwò. Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ kankan gbọ́dọ̀ wá gbogbo 40 ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ tí ibà lè dá a gúnlẹ̀. Bí ó bá kùnà ní ọdún àṣekágbá, ọdún mìíràn ni ó gùn ún, òógùn òbí sì ni yóò san án.

Àwọn kan yóò wí pé òfin yìí le fún ọmọ tálákà tí ń ṣiṣẹ́ kí ó tó jẹun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tọ olùkọ́ lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì láti ṣàlàyé ìṣòro rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò. Ti àkọ́kọ́, ìjíròrò ni. Ti èkejì, ẹ̀bẹ̀ ni, ibi ẹ̀bẹ̀ sì ni oníwàkíwà ti ń béèrè àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tàbí ohun tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin tí a kọ sílẹ̀ ni ààbò ẹni tí kò ní baba ìsàlẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Olùkọ́ tí kò fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ pẹ́, kí òun náà má fi wọ́n sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn láti aago mẹ́jọ di mẹ́wàá. Bí kò bá gba iṣẹ́ tí ó pẹ́, kí ó dá èyí tí ó tètè dé padà, kí wọ́n lè rí àṣìṣe wọn kí ìdánwò tó dé. Kí ó má sì fi ríra ìwé tí òun ń tà ṣe òṣùwọ̀n máàkì. Ìyanṣẹ́lódì oṣù mẹ́jọ ti ọdún 2022 fi hàn pé ọjọ́ lè yẹ̀. Nígbà bẹ́ẹ̀, kí olùkọ́ kọ ọjọ́ tuntun sílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn rí i.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá wálé ní ìsinmi, ẹ má kàn bi í pé, "Ìwé ńkọ́?" Ẹ ní kí ó mú ìwé ọjọ́ kìn-ín-ní náà wá, kí ẹ jọ kà á. Ohun tí a bá jọ mọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í di ẹkún ní ìkẹyìn.