Bí Òkúta Ṣe Di Asẹ́ Nínú Àpótí Ẹja Òkun

Ẹni tó bá dúró níwájú àpótí gíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja òkun sí, ara ẹja aláràbarà ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ. Òkúta tó wà lẹ́yìn wọn, ọ̀ṣọ́ lásán ni yóò pè é. Bẹ́ẹ̀, òkúta yẹn gan-an ló ń ṣiṣẹ́ jù níbẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn èèyàn ti ń sin ẹja òkun nínú ilé kí ọkùnrin kan ní Jakarta tó là á yé wọn.

Ní 1846, Anna Thynne, ìyàwó àlùfáà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó iyùn ààyè láti etíkun Torquay wá sí London. Kí omi má baà bàjẹ́, ojoojúmọ́ ni ìránṣẹ́ rẹ̀ ń bu omi náà, tó ń dà á padà níwájú fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Ní 1853, ọgbà ẹranko Regent's Park ṣí ilé ẹja fún gbogbo ènìyàn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Philip Henry Gosse tẹ ìwé The Aquarium jáde, ni olúkúlùkù bá ń wá àpótí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹja ń kú, wọn kò sì mọ ohun tó ń pa á.

Amóníà ni. Láti ara ẹja fúnra rẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ àti oúnjẹ tó jẹ kù ló ti ń jáde, májèlé ni. Ní nǹkan bí 1890, Sergei Winogradsky, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, fi hàn pé àwọn bakitéríà kan wà nínú ilẹ̀ tó ń sọ amóníà di náítíráìtì, tí àwọn mìíràn sì ń sọ náítíráìtì di náítíréètì. Erùpẹ̀ ló ń yẹ̀ wò, kì í ṣe omi òkun, àmọ́ iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe nínú omi. Wọ́n ń fẹ́ ibi tí wọn yóò lẹ̀ mọ́, wọ́n sì ń fẹ́ ọ́síjìn. Náítíréètì tí wọ́n ń fi sílẹ̀ kì í tètè pa ẹja. Ṣùgbọ́n tó bá ti pọ̀, ewé omi á hù bo gbogbo ibẹ̀, iyùn á sì máa ṣàìsàn.

Láàárín ọ̀rúndún ogún, àwọn olùsìn ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ àwo oníhò sábẹ́ yanrìn, kí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ lè máa fa omi gba inú yanrìn kọjá. Ẹja ń yè dáadáa. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ń kóra jọ sábẹ́, náítíréètì kò sì rọ́nà jáde.

Ní 1961 ni Lee Chin Eng, tó ń sin ẹja ní Jakarta ní Indonéṣíà, kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìròyìn Tropical Fish Hobbyist. Kò ní asẹ́ kankan. Òkúta tó ń kó láti inú òkun pẹ̀lú gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tó so mọ́ ọn (òkúta ààyè), omi òkun gidi, oòrùn àti afẹ́fẹ́ tó ń hó díẹ̀díẹ̀ nìkan ló lò. Ó rọrùn fún un, nítorí òkun wà nítòsí. Fún ẹni tó wà lókè òkun, òkúta tó bá pẹ́ lọ́nà, ohun orí rẹ̀ á ti kú, á sì máa rà.

Ìdí tí ó fi ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òkúta iyùn kún fún ihò wẹ́wẹ́. Bí ilé tó ní pálọ̀ àti yàrá ló rí: ní pálọ̀, níbi tí ọ́síjìn pọ̀ sí, àwọn bakitéríà Winogradsky ń ṣiṣẹ́ wọn, nínú yàrá tí ọ́síjìn kò dé, àwọn mìíràn ń já ọ́síjìn gbà lára náítíréètì, ohun tó kù á sì di afẹ́fẹ́ náítírójìn tó ń fò lọ. Òkúta kan ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Àwọn olùsìn iyùn ní Berlin, Dietrich Stüber wà lára wọn, fi ẹ̀rọ tó ń fi ìhó omi fa èérí jáde àti iná tó mọ́lẹ̀ gan-an kún òkúta ààyè yìí. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Láti 1986, lẹ́yìn tí George Smit kọ̀wé nípa asẹ́ tí omi ń kán gba inú rẹ̀, asẹ́ yẹn gbòde, wọ́n sì kó bọ́ọ̀lù oníke kún inú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ní pálọ̀, kò ní yàrá. Náítíréètì ń pọ̀ sí i títí ọ̀pọ̀ fi kó bọ́ọ̀lù náà dà nù.

Nítorí náà, ẹni tó bá ti ní òkúta tó dára, kó má ra asẹ́ nítorí pé ó wà lórí àtẹ. Òwú tàbí fóòmù ń mú ìdọ̀tí tó ń fò kiri, àmọ́ bí wọn kò bá fọ̀ ọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á di orísun amóníà. Èédú tí wọ́n fi èèpo àgbọn ṣe ń mú kí omi tó ti pọ́n mọ́ gaara. Hóró irin dídípẹtà ń fa fọ́sífeètì, ṣùgbọ́n tó bá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń pa iyùn lára. Amọ̀ sísun oníhò wúlò fún ẹni tí òkúta rẹ̀ kéré.

Títò òkúta náà ní ọgbọ́n. Orí gíláàsì ni ìpìlẹ̀ yẹ kó jókòó sí kí wọ́n tó da yanrìn sí i, nítorí àwọn ẹja kan ń wa ilẹ̀, òkúta tó bá jókòó lórí yanrìn á ya lulẹ̀. Kò yẹ kó fara ti gíláàsì ẹ̀yìn bí ògiri: omi kì í kọjá níbẹ̀, ìdọ̀tí á sì sá pamọ́ síbẹ̀. Òkúta díẹ̀ tó fúyẹ́, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì so pọ̀ tí ihò àpáta fi wà láàárín rẹ̀, sàn ju òkìtì lọ.

Ibi tó ń dùn mí ni ibi tí òkúta náà ti ń wá. Wọ́n kó o nínú òkun Florida títí ìjọba fi dá a dúró; nígbà tí 1997 bẹ̀rẹ̀, kò sí àyè mọ́ láti kó o nínú omi ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀. Òfin yẹn tọ́. Ilé àwọn ẹja mìíràn la ń wó ká lè kọ́lé fún tiwa. Àwọn tó gba ìwé àṣẹ ń da òkúta tí wọ́n gbẹ́ jáde lórí ilẹ̀ sísàlẹ̀ òkun, wọ́n á dúró kí ohun ẹlẹ́mìí bò ó, kí wọ́n tó kó o tà.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ń fi òkúta gbígbẹ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi ẹyọ òkúta ààyè kan gbin bakitéríà sí i. Ó ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Wọ́n á máa fún un ní amóníà díẹ̀, wọ́n á máa wọn omi títí amóníà àti náítíráìtì yóò fi di òdo. Ẹja kan tàbí méjì péré ló yẹ kó kọ́kọ́ wọlé lẹ́yìn náà, kí bakitéríà lè pọ̀ tó kí àwọn yòókù tó dé.